Obìnrin tó ń ti Oǹdó wá fọ abọ́ wa

Abọ́ ló kọ́kọ́ kó. Kò tíì jókòó, kò tíì béèrè omi tí yóò mu, ó ti fi báàgì rẹ̀ kọ́ ìṣó ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó ti ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì ti lóṣòó ti báàfù ńlá tí a ń kó abọ́ tó dọ̀tí sí. Mo ń gbọ́ bí àwo ṣe ń kan àwo nínú omi. Mo ń gbọ́ bí kànìnkànìn ṣe ń ha ìdí ìkòkò tí ọbẹ̀ ti jó mọ́. Òórùn ọṣẹ àti ti eérú gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé, òórùn òróró tí àwọn eléré fi ń wọ́ ẹsẹ̀ sì dà pọ̀ mọ́ ọn, nítorí òróró yẹn kì í kúrò lára rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, ìbáà jẹ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀.

Ìyá mi jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ògiri, kò jìnnà sí i rárá. Bí ó bá na ọwọ́, yóò kan èjìká obìnrin náà.

"Kípà, mo ti dé o," ni obìnrin náà wí.

Ìyá mi kò dáhùn. Igi ìbẹ́pẹ tó wà ní ìkángun ọgbà ló ń wò.

"Ọkọ̀ kò tètè kún ní gáréèjì lónìí. A jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ inú ọkọ̀ wá bá wa." Ó ṣan àwo kan, ó da ojú rẹ̀ délẹ̀ sórí pátákó. "Ilé ńkọ́? Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Ìyá mi kò dáhùn ìyẹn náà. Obìnrin náà mi orí bí ẹni pé wọ́n ti dá a lóhùn, ó sì mú àwo mìíràn.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Ilé ìdílé ìyá mi ní Isikan, ní Àkúrẹ́, là ń gbé. Gbogbo Sátidé ni obìnrin yìí ń wọ ọkọ̀ láti Oǹdó, tó ń wá fọ abọ́ fún ẹni tí kì í bá a sọ̀rọ̀. Mọ́mì Oǹdó ni mo ń pè é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan níbẹ̀ ń pè é ní Kóòṣì. Orúkọ rẹ̀ gan-an, n kò ní dá a níhìn-ín. Òun alára kò fẹ́ràn kí wọ́n máa dárúkọ òun kiri.

Kí ó tó di ẹni tí wọn kì í dá lóhùn nílé wa, òun ni àlejò tí inú wa máa ń dùn sí jù lọ. Òun àti ìyá mi jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan náà ní Àkúrẹ́ ni. Ìyá mi ló ń ṣọ́ ojú ilé fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ náà, ìdí nìyẹn tó fi ń pè é ní Kípà. Òun ní tirẹ̀ ló ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án ló wà lẹ́yìn ẹ̀wù rẹ̀, ìyá mi kì í sì í pè é ní nǹkan mìíràn ju Náìnì lọ.

Iṣẹ́ aránṣọ ni ìyá mi ń ṣe, nílé níbẹ̀. Bí ó bá ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ ń dún tàkà-tàkà, ìtàn Náìnì ló máa ń sọ fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó ní nígbà tí àwọn wà ní kíláàsì kẹrin, kò sí ọmọbìnrin tó lè gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo Àkúrẹ́. Àwọn ọmọkùnrin a máa gun ògiri ilé ẹ̀kọ́ láti wá wò ó. Wọ́n á wá kí wọ́n lè fi àwọn ọmọbìnrin ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kí eré tó parí, gbogbo wọn á ti dákẹ́.

"Kì í sáré púpọ̀," ni ìyá mi máa ń wí. "Àwọn yòókù ló ń sáré. Òun a kàn dúró, a wò, a sún díẹ̀. Kí o tó mọ̀, bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n."

Bàbá Náìnì, àgbẹ̀ kòkó kan ní ẹ̀yìn Oǹdó, kò fẹ́ gbọ́ bọ́ọ̀lù sétí. Nígbà kan tí Náìnì lọ sílé fún ìsinmi, bàbá náà ju bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ sínú iná. Nígbà tó padà sí Àkúrẹ́, ẹsẹ̀ lásán ló fi gbá bọ́ọ̀lù, èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣí, ó sì gbá bọ́ọ̀lù wọlé bẹ́ẹ̀. "Ẹ má rò pé kò bẹ̀rù bàbá rẹ̀ o," ìyá mi á ní. "Ó ń gbọ̀n bí wọ́n bá ti ní ìsinmi kù sí dẹ̀dẹ̀. Èmi ni mo máa ń sìn ín dé gáréèjì."

Kò sí ibi tí bọ́ọ̀lù lè gbé ọmọbìnrin dé nígbà ayé wọn. Nígbà tí wọ́n jáde, ìyá mi kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ó sì fẹ́ bàbá mi, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká. Náìnì lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa eré ìdárayá, ìyẹn ló sọ ọ́ di akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Oǹdó. Ọkọ tó fẹ́ kò pẹ́ láyé, wọn kò sì bímọ.

Bí ó bá ń bọ̀ nílé wa nígbà náà, láti ojú títì la ó ti máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Èdè Àkúrẹ́ ni yóò fi máa ṣe ìyá mi ní yẹ̀yẹ́. "Ẹ wá wo ará ulé! Ẹ fún mi ní uṣu kí n jẹ o!" Ìyá mi náà á ní kí ó padà sí Oǹdó tirẹ̀, níbi tí àwọn ará ilé kan náà kò ti gbọ́ ohun tí ara wọn ń sọ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí ìyá mi á fi gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, tí á fi etí ìró nu ojú.

Ẹ̀gbọ́n mi ló jogún bọ́ọ̀lù nínú àwa méjèèjì. Ó fi ọdún púpọ̀ jù mí lọ. Lọ́jọ́ kan, Mọ́mì Oǹdó rí i lẹ́yìnkùlé tó ń fi ọsàn kan dárà lẹ́sẹ̀, láti ẹsẹ̀ ọ̀tún sí òsì, láti òsì sí orúnkún, tí ọsàn náà kò sì kanlẹ̀. Mọ́mì Oǹdó tó ń pariwo láti òwúrọ̀ dákẹ́. Ó gbé ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Kípà, ọmọ ta nìyí?"

"Ọmọ mi ni. Àbí kí ló ń ṣe ọ́?"

"Kì í ṣe ọmọ rẹ. Ọmọ mi ni. Fún mi. Bó bá ti parí girama, kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. "Mo ti fún ọ. Ìwọ ṣáà máa fún un lóúnjẹ jẹ."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Oǹdó, ilé Mọ́mì Oǹdó ló ń gbé, ẹ̀kọ́ olùkọ́ ló ń kọ́, bọ́ọ̀lù ló sì ń gbá ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ó ń sanra sí i. Ó ń rẹ́rìn-ín bíi ti Mọ́mì Oǹdó, pẹ̀lú orí rẹ̀ lẹ́yìn. Ìgbà mìíràn tó bá wálé, ìyá mi á wò ó, á sì sọ fún bàbá mi pé, "Náìnì ti gba ọmọ yìí lọ́wọ́ mi o." Kò fi ìbínú sọ ọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo lọ wò wọ́n níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn Kérésì. Bàbá mi ló mú mi lọ. Ilẹ̀ pápá náà pupa, eruku rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ni létè. Ẹnìkan sá kòkó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó wọ ibẹ̀, òórùn kíkan rẹ̀ ń bá afẹ́fẹ́ wọlé. Mo ti rò pé Mọ́mì Oǹdó yóò máa pariwo gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń pariwo nílé wa, ṣùgbọ́n lórí pápá, ó dákẹ́ bí ẹni wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà funfun náà, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn. Bí ó bá fẹ́ kí ọmọ kan ṣe nǹkan, á dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, ọmọ náà á sì yíjú sí i láàárín gbogbo ariwo yẹn.

Nígbà tí wọ́n sinmi, ó gé ọsàn fún wọn. Mo rí i tó di ojú ẹ̀gbọ́n mi mú láàárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, tó wo inú ẹyinjú rẹ̀ pẹ́, tó bi í ní nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi mi orí pé rárá, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sáré padà sáàárín pápá. Mọ́mì Oǹdó ṣì dúró síbẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè bí ìgbà tó di nǹkan mú.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni ẹ̀gbọ́n mi ṣubú, kò pẹ́ sí ìgbà tí a lọ wò ó yẹn. Wọn kò tilẹ̀ bá ẹnikẹ́ni díje lọ́jọ́ náà. Wọ́n kàn ń sáré yí pápá ká ni. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n kò lajú mọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ rán pásítọ̀ sí wa. Mọ́mì Oǹdó ní rárá, òun ni wọ́n fi ọmọ lé lọ́wọ́, òun ni yóò lọ sọ ọ́. Mo wà nílẹ̀ tí mò ń bó ẹ̀gúsí nígbà tó wọlé. Eruku pupa wà ní orúnkún rẹ̀ àti lára bàtà kánfáàsì rẹ̀, fèrè sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyá mi gbójú sókè láti ibi tó ti ń ránṣọ, ó rẹ́rìn-ín.

"Náìnì! Lọ́jọ́bọ̀ kẹ̀? Ta ló lé ọ bọ̀?"

Mọ́mì Oǹdó kúnlẹ̀. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, n kò rí i kí ó kúnlẹ̀ fún ìyá mi rí. Ìyá mi pàápàá rò pé eré ni. "Dìde jàre. Kí lo gbé jẹ?"

"Kípà, n kò mú un bọ̀."

Ẹ̀rín ìyá mi ṣì wà lójú rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ pẹ́, bí ohun tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Àwọn ará ilé ló kọ́kọ́ figbe ta nígbà tí bàbá mi dé, tí wọ́n sọ ọ́ fún un. Ìyá mi kò ké. Ó yíjú padà sí ẹ̀rọ rẹ̀, ó rán ìlà tó kù lára aṣọ oníbàárà náà tán, ó fi eyín já òwú. Láti ọjọ́ yẹn, kò tẹ ẹ̀rọ náà mọ́, kò sì bá Mọ́mì Oǹdó sọ̀rọ̀ mọ́.

Dókítà sọ fún bàbá mi pé ọkàn ẹ̀gbọ́n mi ni kò pé, pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò sí ẹni tó lè mọ̀. Bàbá mi wá sọ fún ìyá mi. Ìyá mi gbọ́ ọ títí tó fi sọ ọ́ tán, ó wọ yàrá lọ, ó sì dùbúlẹ̀.

Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú ni Mọ́mì Oǹdó bẹ̀rẹ̀ sí í wá. A gbọ́ pé ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ pápá mọ́. Ní ilé wa, yóò fọ abọ́, yóò gbálẹ̀, yóò sá aṣọ, yóò se ọbẹ̀ sílẹ̀ fún wa, kò sì ní jẹ nínú rẹ̀. Bí oòrùn bá ti fẹ́ yẹ̀, á nu ọwọ́, á mú báàgì rẹ̀. "Kípà, mo ń lọ o. Ó di Sátidé." Àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀ títí. Àwọn kan ní ojú wo ló fi ń wá. Àwọn mìíràn ní ìyá mi ló yẹ kó lé e. Ìyá mi kò lé e. Sátidé a tún dé, á tún gbé àpótí rẹ̀ jáde, á tún jókòó síbi kan náà, kí ọkọ̀ Oǹdó tó gúnlẹ̀ pàápàá.

Lọ́jọ́ kan, bàbá mi sìn ín dé ojú títì, mo tẹ̀ lé wọn.

"Màdáámù," ni bàbá mi wí, "gbogbo wa la mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi nílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Dádì, bí mo bá jókòó sílé lọ́jọ́ Sátidé, kí ni mo fẹ́ máa ṣe?" Ó ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá. "Sátidé la máa ń gbá bọ́ọ̀lù."

Ó máa ń di irun mi. Kò mọ irun dì, kí n sọ òótọ́. Ìlà rẹ̀ máa ń wọ́, mo sì máa ń tú u lọ́jọ́ Àìkú kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò le, mo sì fẹ́ràn kí n jókòó sáàárín orúnkún rẹ̀. Ọjọ́ kan tí ìyá mi wọ yàrá lọ, mo bi í léèrè ohun tí kò sí ẹni tó fẹ́ sọ fún mi.

"Mọ́mì, ṣé ẹ̀gbọ́n mi ké?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí mi. Mo rò pé yóò ní kí n dákẹ́, bí àwọn àgbà yòókù ṣe máa ń sọ.

"Rárá," ó wí. "Kò ké. Ó ní, 'Ẹ dúró díẹ̀, Mọ́mì.' Mo rò pé bàtà rẹ̀ ló fẹ́ so. Mo dúró." Ó mú ìyarun, ó tún gbé e kalẹ̀. "Mo ṣì ń dúró."

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa lọ́dún yẹn nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tú. Sátidé ni, lówùúrọ̀. Ara mi ti ń gbóná láti àná, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, n kò sì tíì jẹun. Mo fa omi nídìí kànga, mo gbé garawa náà dé àárín ẹ̀yìnkùlé, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

"Òòyì ń kọ́ mi," ni mo wí, mo sì jókòó sínú ẹrẹ̀. Omi dà nù.

Igbe kan ṣoṣo ni mo gbọ́. Ìyá mi àti Mọ́mì Oǹdó ló jọ ké e, ṣùgbọ́n bíi ti ẹnìkan ló jáde. Mọ́mì Oǹdó ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Ó di ojú mi mú láàárín ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún ọṣẹ, ó ń wo inú ẹyinjú mi. Ìyá mi ti wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ti fi etí rẹ̀ lé àyà mi.

"Ṣé ó ti ṣe é bẹ́ẹ̀ rí?" Mọ́mì Oǹdó ń kígbe. "Kípà, dá mi lóhùn! Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ sí i rí?"

"Rárá!" Ohùn ìyá mi han bí ohun tí wọn kò lò fún ìgbà pípẹ́. "Kò ṣe èyí rí! Kì í ṣe èyí! Tọ̀hún ni!"

Omi òjò tó kù lórí páànù ń kán sínú ike. Ìyá mi kò gbé orí kúrò láyà mi, ibẹ̀ ló ti ń sọ ọ́.

"Tọ̀hún ló ṣubú nínú ilé ìdáná ní Kérésì. Ó ń ro ọ̀kà. Mo wọ́n omi sí i lójú, ó dìde. Mo ní ebi ni, mo ní iṣẹ́ ọdún ló pọ̀ jù fún un. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ fún ọ, pé bí o bá gbọ́, o ò ní jẹ́ kí òun gbá bọ́ọ̀lù mọ́. N kò sọ fún ọ, Náìnì. Mo fún ọ lọ́mọ, n kò sọ fún ọ."

"Mo mọ̀," ni Mọ́mì Oǹdó wí.

Ìyá mi gbé orí sókè. "Kí lo mọ̀?"

"Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Ó ní òun ṣubú nílé, pé o ní ebi ni. Mo ní ká lọ rí dókítà. Ó ní ká parí ìdíje ná. Mo wo ojú rẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́ kedere." Ó nu ọṣẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. "Mo gbà fún un, Kípà. Nítorí bọ́ọ̀lù. Ọmọ náà dára ju bí mo ṣe dára lọ, mo fẹ́ kí wọ́n rí i. Gbogbo Sátidé tí mo fi ń bọ̀, mo ń bọ̀ wá sọ ọ́ fún ọ ni. Bí mo bá ti rí ojú rẹ, mo máa ń wá abọ́ tí mo fẹ́ fọ̀."

Ìyá mi wò ó. "Mo rò pé o ti mọ̀ pé èmi ni," ó wí. "Mo rò pé o fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́, ìdí nìyẹn tó o fi ń wá. Bí mo bá la ẹnu kí n kí ọ, òun ni ì bá jáde."

Ìgbà yẹn ni ìyá mi sunkún, ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ ìsìnkú. Mọ́mì Oǹdó fa òun àti èmi mọ́ra nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀. Èmi ni mo wà láàárín wọn, ara mi ń gbóná, imú mi kún fún òórùn ọṣẹ àti òróró. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí ẹni tó rántí pé èmi ni mo ṣubú.

Ibà lásán ló ṣe mí. Nínú takisí tó gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn, mo jókòó sáàárín àwọn méjèèjì. Òjò tún ti dé, fèrèsé ọkọ̀ kò sì ṣeé tì, ìyá mi sì fa ìborùn rẹ̀ bo àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ má rò pé gbogbo nǹkan padà bọ̀ sípò lọ́jọ́ yẹn. Sátidé tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Mọ́mì Oǹdó ní "Kípà, mo ti dé o," ìyá mi ní, "Káàbọ̀." Ìyẹn nìkan. Àwo bọ́ lọ́wọ́ Mọ́mì Oǹdó, ó fọ́. Ó ṣe díẹ̀ sí i kí wọ́n tó jọ jẹun. Ó ṣe púpọ̀ sí i kí ìyá mi tó tún jókòó ti ẹ̀rọ. Wọn kò rẹ́rìn-ín bíi ti àtijọ́ mọ́ láéláé, kò sì sí ẹni tó tún fi "ulé" àti "uṣu" ṣe yẹ̀yẹ́ nílé wa. Mo máa ń retí rẹ̀. Nígbà tó yá, mo jáwọ́ nínú ìrètí.

Ìyá mi ló ní kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo wà níbẹ̀. Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà.

"Ta ló ń kọ́ àwọn ọmọ yẹn báyìí?"

"Ọkùnrin kan ni."

"Ṣé ó máa ń bi wọ́n bí ara wọn ṣe rí?"

"N kò mọ̀."

"Padà lọ, Náìnì. Padà lọ bi wọ́n."

Ó padà. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó lè fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù rẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò. Yóò tún lọ sílé ọmọ náà, ìbáà jẹ́ Ìkàrẹ́, ìbáà jẹ́ Òkìtìpupa, yóò jókòó ti ìyá rẹ̀, yóò bi í léèrè bóyá nǹkan kan wà tó yẹ kí òun mọ̀. Àwọn òbí kan bínú. Àwọn ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù bá ibòmíràn lọ, nítorí bí ọmọ bá fọwọ́ kan orí lásán, ó ti yọ ọ́ kúrò lórí pápá nìyẹn. Wọn kò gba ife ẹ̀yẹ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ìbẹ̀rù ti ba akọ́nimọ̀ọ́gbá yẹn jẹ́. Òun náà gbọ́ ọ. Kò yí padà títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Ó kú nínú ọyẹ́, kò tíì pẹ́ púpọ̀. Orúnkún ìyá mi kò gbé e dáadáa mọ́, àwa la dì í mú dé ibi ìsìnkú ní Oǹdó. Àwọn obìnrin tó ti kọ́ ní bọ́ọ̀lù pọ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di ìyá ọlọ́mọ. Ọ̀kan wá bá ìyá mi, ó pọn ọmọ. Ó ní Kóòṣì yọ òun kúrò nínú ẹgbẹ́ lọ́dún tí òun wọlé, pé òun kórìíra rẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Dókítà tó rán òun lọ bá ló rí àìsàn tó wà nínú ọkàn òun, wọ́n sì tètè tọ́jú rẹ̀. Ìyá mi gbọ́ ọ. Ó na ọwọ́, ó di ẹsẹ̀ ọmọ tó wà lẹ́yìn obìnrin náà mú, ó dì í mú pẹ́.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà sí Àkúrẹ́ ló tó sọ̀rọ̀. "Inú mi dùn fún ìyá tó bí obìnrin yẹn," ó wí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí fèrèsé. "Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ fún èmi náà."

Olùkọ́ ni mí báyìí, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Àkúrẹ́. Bí ọmọ kan bá ní orí ń fọ́ òun, mi ò lè ní kó padà lọ jókòó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín pé mo ti fẹ́ràn ìdààmú jù. Bí ẹnìkan bá sì dákẹ́ sí mi, tí kò dáhùn ìkíni mi, n kì í tètè sọ pé ó ń bínú. Mo ti rí ohun tó lè wà lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́. Mo ti rí obìnrin méjì tí wọ́n jọ gbé ẹrù kan náà, tí oníkálukú wọn rò pé òun nìkan ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ń jí mi lójú oorun. Mo ti bi dókítà tó lé ní ẹyọ kan, láìsọ ìdí tí mo fi ń béèrè: ká ní wọ́n tètè gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá láti Kérésì, ṣé yóò yè? Ọ̀kan ní ó ṣeé ṣe. Ọ̀kan ní ó ṣòro láti sọ. Ẹ̀gbọ́n mi kò dàgbà ju bó ṣe rí lọ́jọ́ tí mo wò ó lórí pápá pupa yẹn lọ. Èmi ti dàgbà jù ú lọ tipẹ́, mo ti bí ọmọ tó ń lọ sí girama. Mọ́mì Oǹdó kú láìmọ ìdáhùn, ìyá mi kò sì béèrè mọ́. Èmi nìkan ló kù tó ń béèrè, mo sì mọ̀ pé n kò ní rí ẹni tí yóò dá mi lóhùn.